Ọwọ́ Tó Wú Nílé Ẹyinjú Ayé

Onídìrí fi eyín di òòyà mú, ó pín irun tó wà lábẹ́ ìka rẹ̀ sí mẹ́ta, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun lẹ́bàá etí òsì. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ẹsẹ̀ ń ro ó, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń lọ bí ọwọ́ ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Nígbà tí ìlà náà dópin, ó so ó, ó yọ òòyà lẹ́nu, ó sì fi ẹ̀yìn òòyà gbá orí oníbàárà ní pẹ́-pẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tó mọ̀ pé èèyàn wà nínú rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan. Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, kò sì sí oníbàárà tó ti bi í rí.

Orí tó wà níwájú rẹ̀ yìí kì í ṣe orí lásán. Orí òṣèré tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ẹyinjú Ayé ni. Òṣèré náà jókòó sórí àga onírọ̀rí, ó kọjú sí fóònù rẹ̀ tó wà lórí ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí fóònù náà bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ jòjòló. Ó ti ṣèlérí fáwọn olólùfẹ́ rẹ̀ lórí ayélujára pé lónìí, òun yóò ṣí ayé òun sílẹ̀ fún wọn pátápátá, láti ìgbà tóun bá jí títí di ìgbà tóun bá sùn. Kò ní sí gé, kò ní sí lẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi," ó ń sọ fún fóònù. "Bí mo ṣe jí náà lẹ ṣe ń wò mí yìí. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

Onídìrí gbọ́. Ojú rẹ̀ ló ṣe. Ẹyinjú Ayé jí, ó wẹ̀, ó kun àtíkè, ó lẹ irun ìpéǹpéjú mọ́ ojú, ó wá padà sórí bẹ́ẹ̀dì láti tún jí. Ó dán jíjí náà wò títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìdájí ni, ìyá tó bí i pàápàá kò jẹ́ jí ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ láti lọ sí oko. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó tan fóònù, tó yán, tó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú tí kò ní ìpin.

Ife tíì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gbé e sẹ́nu, ó ń sọ pé "áà," ó sì ń gbé e sílẹ̀. Tíì kò sí nínú rẹ̀. Onídìrí, tí inú rẹ̀ máa ń bàjẹ́ bí oníbàárà bá da omi tó ṣẹ́ kù nínú ike nù, rò ó pé ó kéré tán, tíì kò ṣòfò.

"Ọwọ́ yín nìkan ni wọ́n á máa rí o, Àǹtí," Ẹyinjú Ayé ti sọ fún un kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kó máa tì yín lójú."

"Ọwọ́ nìkan náà ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n rí," ni onídìrí dáhùn, ó sì ní ìdí tó fi tẹnu mọ́ ọn.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ní yàrá kan níwájú ilé, tó kọjú sí títì, tó ní fèrèsé ńlá. Ìyá náà ti ṣèlérí yàrá yìí fún un láti fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé onílé ni onídìrí ti ń ṣiṣẹ́ látọjọ́ yìí, níbi tó jẹ́ pé bí ayálégbé òkè bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, orí oníbàárà ni ìdọ̀tí bàtà rẹ̀ ń dà sí. Oníbàárà kan ti gbé èèpo ọsàn lọ sílé nínú irun rí, tó rò pé ara ọ̀ṣọ́ irun ni. Òní gan-an ni ìyá ọkọ fẹ́ fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ní kó ṣe. "Orí mi ni wàá kọ́kọ́ dì níbẹ̀," ló sọ, "láàárọ̀, kó o tó fọwọ́ kan orí ẹlòmíì. Bó ò bá lè ṣe ìyẹn, ìyàwó àbúrò ọkọ ẹ tó ń ta ike ti ní kí n jẹ́ kóun kó ike òun wọbẹ̀."

Àdéhùn náà kò le. Àfi bí Ẹyinjú Ayé ṣe pè é lálẹ́ àná pé onídìrí òun rìnrìn àjò, pé kó jọ̀ọ́ wá ran òun lọ́wọ́ ní ìdájí. Ta ló máa gbọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó máa ní òun ò wá? Onídìrí ronú díẹ̀, ó pe ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì fi ohùn ẹni tó wà lórí àkéte àìsàn sọ fún un pé ọwọ́ òun wú, kí wọ́n jọ̀ọ́ sún irun dídì sí ìrọ̀lẹ́. Ó rò pé ọwọ́ tó wú láàárọ̀ lè wálẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ó sì rò pé fóònù ìyá ọkọ òun, ìpè àti iná tọ́ọ̀ṣì nìkan ló wà fún.

"Háà, Ojú Àgbà ti dé!" Ẹyinjú Ayé pariwo lójijì, ó ń ka ọ̀rọ̀ tó ń yọ lójú fóònù. "Àǹtí, ẹ ò mọ Ojú Àgbà? Màmá kan ni. Kì í pa ọjọ́ kan jẹ. Lánàá ó ní mi ò fọ ẹ̀yìn etí mi. Níjẹta ó ní kí n ká ẹsẹ̀ jọ, pé mo jókòó bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́."

Onídìrí rẹ́rìn-ín. "Màmá yẹn ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni?"

"Ó níṣẹ́. Èmi niṣẹ́ ẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tó kọ: 'Ẹyinjú, káàárọ̀. Kò sí nǹkan kan nínú ife yẹn. Ọ̀fun ẹ ò mì.'" Ó yára gbé ife náà sílẹ̀. "Ẹ rí i? Ojú ẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ lọ. Ó tún kọ òmíì: 'Ta ló ń di irun fún ẹ? Ọwọ́ ẹ̀ yá. Ẹ̀bá etí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ọmọ mi náà, ẹ̀bá etí ló ti ń bẹ̀rẹ̀.'"

Ọwọ́ onídìrí dúró díẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé onídìrí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá etí pọ̀ láyé. Ọwọ́ tún ń lọ. Ìlà dópin, ó so ó, ó sì fi òòyà gbá a, pẹ́-pẹ́.

"'Dúró ná,'" Ẹyinjú Ayé ń kà. "'Kí ló gbá ẹ lórí yẹn? Orí mi mọ gbígbá yẹn. Ìyàwó mi ló ń gbáni lórí báyẹn. Ì bá máa di irun fún mi lọ́wọ́ báyìí, àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ wú lálẹ́ àná. Mo ti gbé omi kaná, mo fẹ́ gbé e lọ bá a, kí n fi jó ọwọ́ náà.' Áwù! Ẹ wo ìyá ọkọ rere! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi kí Ojú Àgbà!"

Onídìrí wo àpò rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá fóònù. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó tẹ̀ sẹ́yìn àga títí ó fi kù díẹ̀ kó jókòó sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó rọra sọ sí etí Ẹyinjú Ayé, "ẹ bá mi pa fóònù yìí ná."

"Pa kẹ̀? Mo ti ṣèlérí."

"Ṣé gbogbo nǹkan la fi ń han èèyàn ni? Ẹni tó ń di irun, irun ló ń dì. Kí ló wá kan ayé níbẹ̀? Èèyàn á máa yán, ẹ̀ ń fi hàn. Èèyàn á máa fọ eyín, ẹ̀ ń fi hàn. Ìgbà wo lẹ ó ráyè gbé ilé ọ̀hún?"

"Àǹtí, ẹ ò mọ̀ ọ́n ni. Bí mi ò bá fi ara mi hàn, wọ́n á gbàgbé mi. Ẹ̀gbọ́n kan wà nínú iṣẹ́ wa tó ní òun fẹ́ sinmi, tó pa gbogbo ẹ̀ tì. Nígbà tó máa fi padà dé, wọ́n ń bi í pé ṣé kì í ṣe òun ló ń tún bàtà ṣe lẹ́bàá bánkì."

Onídìrí rí ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń fọ abọ́ lórí fèrèsé, ó nawọ́ mú un, ó sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú rẹ̀. Ó ní òróró irun ló ń yọ̀ lọ́wọ́ òun. Ó fi ẹ̀bá etí sílẹ̀, ó bọ́ sí ìpàkọ́, ó sì ń fi ọwọ́ òsì di irun kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Rọ́bà kì í bá irun ṣọ̀rẹ́. Ìbọ̀wọ́ náà gbá irun mú, ó fà á, kò sì fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀ lọ. Ojú Ẹyinjú Ayé fà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, omijé sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

"Omijé ayọ̀ ni o, ẹ̀yin èèyàn mi," ó sọ fún fóònù. "Inú mi ló dùn. Àǹtí, ẹ rọra! Inú mi dùn gan-an."

Ìlà àkọ́kọ́ ní ìpàkọ́ yà sápá ọ̀tún, ó rántí nǹkan kan, ó padà. Èkejì gun èkíní. Nígbà tí onídìrí dé òpin rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ gbé òòyà sókè fúnra rẹ̀. Ó rí i, ó yí i dà lójú òfuurufú, ó sì fi gbá ẹ̀yìn àga, kọ́-kọ́.

"'Mo tún gbọ́ ọ,'" Ẹyinjú Ayé ka ọ̀rọ̀ Ojú Àgbà. "'Ó gbá àga. Ìyàwó mi kì í gbá àga. Ẹlòmíì nìyẹn.'"

Onídìrí mí kanlẹ̀. Lórí fóònù, àwọn èèyàn ti rí ìpàkọ́ nínú dígí tó wà lẹ́yìn, wọ́n sì ń pariwo. Ẹnì kan ní irú irun yìí kò tíì dé ibòmíì. Ẹlòmíì ní kí wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ fún òun kíá, òun fẹ́ lọ dì í kí aládùúgbò òun tó dì í. Ẹyinjú Ayé kò tíì rí ìpàkọ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ìbéèrè ń bá láìmúra.

"Orúkọ ẹ̀ ni Ọ̀nà-Kan-Ò-Wọjà," ó sọ.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Onídìrí gbàgbọ́ pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ìgbà yẹn ni Ẹyinjú Ayé tún ka ọ̀rọ̀ kan sókè: "'Ẹ dúró dè mí. Ẹ jẹ́ kí n pe ìyàwó mi, kí n bi í bóyá kí n fi iyọ̀ sí omi yẹn.'"

Onídìrí sáré sí àpò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ ṣì di irun mú, orí Ẹyinjú Ayé sì tẹ̀ lé e. "Yéè! Orí mi ni o!" Ó padà. Nínú àpò, fóònù rẹ̀ dún. Ohùn àkùkọ ló fi síbẹ̀ nítorí ariwo títì, kó lè máa gbọ́ ọ lábẹ́ àtẹ̀gùn. Àkùkọ náà kọ, ó tún kọ, ó kọ bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́.

"Ta ló ń sin adìẹ níbí?" Ẹyinjú Ayé bèèrè.

Àkùkọ dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yọ lójú fóònù. Ẹyinjú Ayé kà á, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "'Ẹyinjú, mo pe ìyàwó mi, àkùkọ kọ lọ́dọ̀ ẹ.'"

Àkùkọ tún kọ. Ó tún dákẹ́.

"'Mo tún pè é. Ó tún kọ.'"

Ìyá náà kò fi ọ̀rọ̀ ṣe kánjúkánjú. Ó pè, ó gé e. Ó pè, ó gé e. Àkùkọ ń kọ lékọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ebi ń pa. Àwọn tó ń wò ti gbà á bí eré, wọ́n ń kọ ọ́ pé kó tún pè é, kó tún pè é, títí kan ẹnì kan tó ní òun fẹ́ ra àkùkọ náà.

Ẹyinjú Ayé yí orí padà bí irun rẹ̀ ṣe gbà á láyè mọ. "Àǹtí," ó bèèrè jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ̀yin lọwọ́ yín wú?"

Kò sí ibi tí èèyàn lè sá sí nínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Onídìrí bọ́ ọ, ó jáde láti ẹ̀yìn àga, ó sì fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ níwájú fóònù. "Màmá, ẹ káàárọ̀ mà."

Ojú Àgbà ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kóun wọlé sọ̀rọ̀. Ẹyinjú Ayé tẹ fóònù, ìyá náà sì yọ. Ó gbé fóònù sún mọ́ra jù, nítorí náà ojú kan ṣoṣo ló kún inú fóònù, ó tóbi, kò sì ṣẹ́jú.

"Ìyàwó mi."

"Màmá."

"Ọwọ́ ńkọ́?"

"Ó... ó ti ń wálẹ̀ mà."

"Mo rí i. Orí Ẹyinjú ló wálẹ̀ sí."

Ẹyinjú Ayé bú sẹ́rìn-ín, ojú náà yí sọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì.

"Ẹ má bínú mà," ni onídìrí wí. "Irọ́ ni mo pa. Iṣẹ́ yìí ló dé lójijì, mi ò fẹ́ kó bọ́, mi ò sì fẹ́ kí yàrá bọ́. Mo wá rò pé..."

"O rò pé ọwọ́ á wú, á sì sọ̀, bíi búrẹ́dì. Omi tí mo gbé kaná ńkọ́? Màá fi wẹ̀ náà ni, kò sóhun tá a lè fi ṣe mọ́. Gbọ́. Ọ̀rọ̀ irọ́ yẹn, ilé la ó ti sọ ọ́, kì í ṣe níwájú gbogbo ayé aláìníṣẹ́ yìí."

"Màmá, ẹ̀yin náà wà lára wọn o," ni Ẹyinjú Ayé rọra sọ.

"Ìwọ, gbé ẹnu ẹ dákẹ́, kó o sì yí ìpàkọ́ ẹ sí mi."

Ẹyinjú Ayé yí àga.

"Ìyàwó mi, kí nìyí? Ṣé ejò ló gba ibẹ̀ kọjá ni?"

"Ọ̀nà-Kan-Ò-Wọjà ni orúkọ ẹ̀ mà," ni Ẹyinjú Ayé wí.

"Ọ̀nà yìí ò wọ ibì kankan. Ṣé o mọ̀ pé mo lè forí ji irọ́? Èmi náà ti pa irọ́ rí, ọkọ mi kú, kò mọ̀. Àmọ́ mi ò ní fi yàrá mi fún ẹni tó ń di irú ìpàkọ́ yìí, kí wọ́n máa tọ́ka sílé mi. Oníke sàn jù. Ike ò ní ìpàkọ́. Tú u. Tú gbogbo ẹ̀yìn yẹn pátá, kó o tún un dì lójú mi níbí. Bó bá gún, kọ́kọ́rọ́ dé. Bí ìlà kan bá wọ́, mo ti pe oníke."

"Mo gbọ́ mà!" Onídìrí dìde bí ẹni tí agbọ́n ta, ó sì gbá ìpàkọ́ náà mú.

"Ẹ dúró ná! Kí wọ́n tú kí ni?" Ẹyinjú Ayé pariwo. Ó fi ọwọ́ bo ìpàkọ́. "Lójú gbogbo èèyàn? Wọ́n á rí irun mi!"

"Irun yín náà ni wọ́n ń wò látàárọ̀."

"Èyí tẹ́ ẹ ti dì ni wọ́n ń wò! Ẹ̀yin náà mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀."

Onídìrí mọ̀ ọ́n. Ibì kan wà ní ìpàkọ́ náà tó pá, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tó ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Irun àtọwọ́dá tí òṣèré náà ń lẹ̀ mọ́ orí ló jẹ ẹ́. Kò sí olólùfẹ́ kankan tó mọ̀.

"Mo ń pa á," ni Ẹyinjú Ayé wí, ó sì na ọwọ́ sí fóònù.

"Ẹ má pa á!"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n pa á lẹ́ẹ̀kan!"

"Ìgbà yẹn nìyẹn. Ìgbà yìí nìyí. Bẹ́ ẹ bá pa á, kí ni màmá mi máa fi rí ìlà? Yàrá mi ló ń lọ yẹn!"

Ẹyinjú Ayé fa ara rẹ̀ síwájú. Onídìrí kò jọ̀wọ́ irun. Ẹni tí orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kì í rìn jìnnà. Òṣèré náà na ìka ọwọ́, kò tó o. Ó na ìka ẹsẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ ńlá dé ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà, ó tì í, ọ̀pá náà yí bìrí, ó sì fara ti ògiri. Fóònù ò kú. Ó kàn kọjú sí apá kejì yàrá ni.

Apá kejì yàrá kì í ṣe ti fídíò. Aṣọ ga níbẹ̀ bí òkè. Abọ́ tí wọ́n ti jẹun nínú rẹ̀ dúró lórí ara wọn, ẹyin díndín tí wọ́n ti fi han ayé láwọn ọjọ́ tó kọjá sì wà nínú wọn, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ. Lábẹ́ tábìlì, tìmùtìmù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì tó ti gbó.

Ohùn ìyá jáde láti ẹ̀bá ògiri. "Ta ló ń sùn sábẹ́ tábìlì?"

Onídìrí wo Ẹyinjú Ayé, Ẹyinjú Ayé sì wo òkè àjà.

"Mo ní ta ló ń sùn sábẹ́ tábìlì?"

"Èmi ni mà," ni Ẹyinjú Ayé wí.

"Bẹ́ẹ̀dì funfun yẹn ńkọ́?"

"Ti fídíò nìyẹn mà. Bí mo bá sùn lé e, ó máa ń rún."

"Ẹyin wo ni mo ń wò nínú abọ́ yẹn? Ọmọ yìí, wọ́n ń din ẹyin nítorí kí wọ́n lè jẹ ẹ́ ni!"

Onídìrí, tí ọ̀rọ̀ ẹyin náà ti ń bí nínú látàárọ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Ó di irun mú lọ́wọ́ kan, ó yí gba ẹ̀gbẹ́ àga síwájú, ó na ọwọ́ kejì, ó sì yí fóònù padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹyinjú Ayé fi ọwọ́ bojú. Ó yọ ìka kan kúrò díẹ̀ láti ka ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹnì kan ti pè é ní ẹlẹ́tàn. Ẹlòmíì ní orí àga ni òun ń sùn, nítorí pé aṣọ ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òun. Ẹnì kan ń bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ta tìmùtìmù náà. Ó wá wo igun òkè fóònù, níbi tí iye àwọn tó ń wò máa ń wà. Iye náà ń ga sí i bí ìfófò wàrà tó fẹ́ hó dànù. Kò ga tó bẹ́ẹ̀ rí lọ́jọ́ tó ń fi bí òun ṣe ń jí hàn.

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó gún ọrùn.

"Àǹtí," ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti dára, "ẹ tú u."

Onídìrí tú u. Ibi tó pá náà yọ, iná sì tàn lára rẹ̀.

"Háà," ni ìyá wí. "Ohun tó ń pa ẹ́ lẹ́rù nìyẹn? Tèmi ju ìyẹn lọ." Ó bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó sì tẹ orí rẹ̀ mọ́ fóònù kí gbogbo ayé lè rí i. "Wò ó. Àtìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ló ti wà níbẹ̀. Ìyàwó mi ló mọ bó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Jókòó jẹ́ẹ́."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Onídìrí kò wo fóònù mọ́. Ó fi ẹnu òòyà fa ìlà kan láti ẹ̀bá etí, ó gba ẹ̀gbẹ́ ibi tó pá kọjá, ó tún fa òmíràn tó bá a dọ́gba. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí rọ́bà lára rẹ̀. Pẹ́-pẹ́. Lórí fóònù, ìyá ń mi orí sí gbígbá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí kò bá ní ẹ̀sùn sí onídìrí, ó yí sí òṣèré. Ó ní kó mú aṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó, kó máa ká a bó ṣe jókòó. Ẹyinjú Ayé ń ká aṣọ. Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì kan, ìyá ní kó tú u, kó tún un ká.

"Màmá," ni onídìrí wí láì gbójú sókè, "bó bá jẹ́ èmi ni, màá pa gbogbo ẹ̀ tì. Èèyàn á kàn tìlẹ̀kùn ẹ̀, á sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, á sì jẹ ẹyin ẹ̀."

"Òótọ́ ni," Ẹyinjú Ayé wí. "Ó ń rẹ̀ mí. Nígbà míì, tí mo bá rẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀ bóyá nǹkan pa mí lẹ́rìn-ín. Màmá, ṣé kí n dáwọ́ dúró ni?"

"Dáwọ́ kí ni dúró?" Ojú náà tún kún inú fóònù. "Bó o bá tìlẹ̀kùn, báwo ni mo ṣe máa mú ìyàwó mi? Kí ni màá sì máa wò láàárọ̀? Ọ̀dẹ̀dẹ̀? Mi ò ní kó o dáwọ́ dúró. Mo ní kó o bu tíì sínú ife."

"Màmá, ọ̀rọ̀ ọ̀hún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ."

"Kò jinlẹ̀. Ká aṣọ."

Onídìrí fa ìlà tó kẹ́yìn. Òógùn ń sàn lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó di í láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ó so ó pọ̀ mọ́ àwọn yòókù láàárín orí, ó gé okùn tó ṣẹ́ kù, ó sì gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tẹ̀ sẹ́yìn.

"Màmá, ó tán."

"Gbé ìpàkọ́ yẹn sún mọ́ mi."

Ẹyinjú Ayé kọ ẹ̀yìn sí fóònù, ó sì dorí kodò. Ìyá wò ó. Ó ní kó lọ sápá ọ̀tún, ó lọ sápá ọ̀tún. Ó ní kó lọ sápá òsì. Ó wò ó bí ẹni tó ń wo ẹja ní ọjà. Onídìrí di òòyà mú sí àyà.

"Ó gún," ni ìyá wí níkẹyìn. "Ìlà ẹ̀gbẹ́ ibi tó pá yẹn, èmi gan-an ò rí irú ẹ̀ lórí mi rí. Ó yẹ kí n bínú sí ìyẹn."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́ mà?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi. Oníke ń wò wá látàárọ̀, mo rí orúkọ ẹ̀ nílẹ̀ yìí. Kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi: yàrá ti ní onírun, kó lọ wá ibi tó máa kó ike sí. Ìwọ náà gbọ́ tìẹ. Bí iṣẹ́ bá dé lọ́jọ́ míì, sọ fún mi pé iṣẹ́ dé. Màá bínú, màá sọ̀rọ̀ díẹ̀, màá sì ní kó o máa lọ. Má fi ẹ̀yà ara ẹ jẹ́rìí èké mọ́. Máa bọ̀ kíákíá. Mo ti tú irun tèmi, mi ò sì fẹ́ kí àlejò bá mi báyìí."

"Màá dúpẹ́ nígbà tí mo bá dé, Màmá. Mò ń bọ̀."

Ó gbá irun tó já sílẹ̀ jọ, ó dà á sínú ọ̀rá, ó nu òòyà, ó sì kó àwọn ohun èlò rẹ̀ sínú àpò. Okùn tó ṣẹ́ kù, ó ká a, kò jù ú nù. Ẹyinjú Ayé di í lọ́wọ́ mú.

"Àǹtí, ẹ dúró kẹ́ ẹ kí àwọn èèyàn mi. Wọ́n ń bèèrè orúkọ yín. Wọ́n ń bèèrè ibi tí ṣọ́ọ̀bù yín wà."

"Ẹ ní kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ Ojú Àgbà," ni onídìrí wí. "Ilé ẹ̀ ni. Orí ń dúró dè mí."

Ó gbé àpò kọ́ èjìká. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyá ń sọ fún òṣèré pé ó kan abọ́ báyìí, òṣèré sì ń sọ pé kò sí ọṣẹ. Onídìrí wọ bàtà, ó sọ̀ kalẹ̀ sí títì, ó sì ń sáré lọ síbi tí ọkọ̀ ti ń gbé èrò.